Ìjókòó Ọlọ́kọ̀

Gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, àti àwọn mélòó kan tí kò mọ̀ ọ́n rárá, ló kìlọ̀ fún Bísọ́dún Akíntúndé pé kó má ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ti Japan ni kó rà, nítorí ọkọ̀ Japan, bó bá kú sí Ìpogun, ẹni tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ á mọ ohun tó ń ṣe é. Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ọjọ́ tó bá ní òun ò lọ mọ́, àfi kéèyàn kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣe é. Bísọ́dún gbọ́ gbogbo ìkìlọ̀ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ ra ti Amẹ́ríkà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ká má parọ́, ọkọ̀ náà wuni. Kò tóbi bíi jíìpù, kò sì kéré bí èyí tí orúnkún èèyàn á máa kan àgbọ̀n nínú rẹ̀. Ó gùn, ó fẹ̀, ó ń dán bíi ṣíbí tuntun. Ọláńrewájú tó tà á fún un lọ́nà Ọba-Ilé fi Ọlọ́run búra pé ìyá arúgbó kan ló ń lò ó lọ́hùn-ún, pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì ń gbé e lọ. Gbogbo ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ló jẹ́ pé ìyá arúgbó tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló lò ó. Bí àwọn arúgbó Amẹ́ríkà bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó báyẹn, kò yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, sítíkà kan wà tó ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ló ń gba ipò kìíní nílé ìwé rẹ̀. Bísọ́dún ò yọ ọ́. Ayọ̀mídé, ọmọ tirẹ̀, gba ipò kọkàndínlógún ní sáà tó kọjá, àmọ́ ta ló fẹ́ dá èèyàn dúró lójú títì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí fáàrí ló ṣe ra ọkọ̀, tàbí ká kúkú ní kì í ṣe torí fáàrí nìkan. Ìyá rẹ̀ ló fà á. Màmá Leah, opó katikísì ìjọ Áńgílíkà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ń gbé ní Oǹdó, nǹkan funfun sì ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ojú òsì ò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ mọ́. Ojú ọ̀tún ṣì ń mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́, bí àwọn méjèèjì bá súnmọ́ ọn dáadáa. Dókítà ojú kan máa ń wá sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ó ti yẹ Màmá wò nígbà kan tó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì gùn: kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òun bá tún padà dé, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán tí wọ́n máa ń ti ìwé orúkọ pa. Bí wọ́n bá jẹ́ kó di ìgbà tó tẹ̀ lé e, ọ̀bẹ òun ò ní rí nǹkan ṣe sí i mọ́.

Màmá ní òun gbọ́, òun á lọ. Ṣùgbọ́n òun ò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ.

"Ọdún kẹtàlélógún rèé tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́," ó wí. "Ọkọ̀ ọmọ mi ni màá bá lọ, ìjókòó ọlọ́kọ̀ ni màá sì jókòó sí. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ojú fọ́. Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Ẹ̀yin náà mọ ìjókòó ọlọ́kọ̀: ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ibi tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń fẹ̀yìn tì sí tí dírẹ́bà bá ń wà á lọ. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni ọ̀gá, ẹni tó di ìdarí mú ni ọmọọṣẹ́. Kò sí òfin tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Màmá ti sọ ọ́ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ibẹ̀ ni òun máa wà tí wọ́n bá ń juwọ́ sí òun. Ìyẹn ni Bísọ́dún ṣe wá ọkọ̀ kiri bí ẹni tí iná ń lé bọ̀, tó sì rà á nígbà tí ọjọ́ dókítà ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Bísọ́dún yí kọ́kọ́rọ́, iná tàn, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì ò sì dún.

Ó pe Oríọlá, mẹkáníìkì tó gbajúmọ̀ jù ládùúgbò Aráròmí. Oríọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró níwájú ẹ́ńjìnnì náà bí ọkọ ìyàwó tó wọlé àna tí kò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó tẹ ibí, ó gbá ọ̀hún. Oòrùn mú. Motúnráyọ̀, ìyàwó Bísọ́dún, gbé omi tútù wá fún wọn, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó sì jókòó kó fi sinmi. Motúnráyọ̀ kì í ṣe obìnrin kékeré. Àrà tó wù ú ló máa ń fi sísanra rẹ̀ dá. Tó bá ń bọ̀ lọ́jà, àwọn èèyàn á yà fún un láìjẹ́ pé ó ní kí wọ́n yà. Bó ṣe jókòó báyìí, Oríọlá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ́ńjìnnì dún.

Inú Motúnráyọ̀ dùn, ó bọ́ sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kú.

Ó wọlé, ó dún. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kú. Wọ́n ṣe é nígbà mẹ́fà. Oríọlá wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú òótọ́ ọ̀rọ̀. Wáyà tó ń gbé iná lọ síbi tó ń fa epo gba abẹ́ ìjókòó yẹn, ó ti là nínú. Àfi tí nǹkan tó wúwo bá tẹ̀ ẹ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì fi ń kan ara wọn.

"Ṣé o ò wá ní í so ó?" Bísọ́dún bi í.

"Ọ̀gá, ká ní ti Japan ni, ǹ bá ti ṣí i kí ẹ tó bi mí. Eléyìí, tí mo bá ṣí i, tí nǹkan míì bá já níbẹ̀, a ò ní mọ ohun tí à ń wá mọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan n'Íbàdàn pé kó wá ojúlówó rẹ̀ fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí Madam máa jókòó."

Bísọ́dún ò kọ́kọ́ gbà. Ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀: ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ ò kà á sí ènìyàn. Ó fi Ayọ̀mídé lé itan, ọkọ̀ ò dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì dún, ó sì fi ayọ̀ wà á jáde. Àmọ́ ní òkè kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ sójú títì kí ọkọ̀ má bàa sáré, sìmẹ́ǹtì fẹ̀gbẹ́ lé ilẹ̀kùn, ọkọ̀ sì kú sáàárín ọ̀nà. Oríọlá ló là á yé e pé sìmẹ́ǹtì ò mọ̀ tí kòtò bá ń bọ̀. Ènìyàn tó máa rí kòtò lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì máa fi ara tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, ni ọkọ̀ yìí ń fẹ́, ènìyàn náà sì gbọ́dọ̀ tó nǹkan.

Báyìí ni Motúnráyọ̀ ṣe di ọ̀gá. Láàárọ̀, á jókòó sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ á wà á dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Alágbàká, òun á sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Ìsọ̀lọ̀ níbi tó ti ń ta ẹja inú yìnyín. Ní aago mẹ́rin, á tún wọ Márúwá wá gbé ọkọ rẹ̀ relé. Nígbà tí wọn ò ní ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹyọ kan ni Bísọ́dún ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ní ọkọ̀, owó kẹ̀kẹ́ ilé náà ò dín kọ́bọ̀, owó epo sì tún gun orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tó ti ń rí Bísọ́dún láti ọjọ́ pípẹ́, wo inú ọkọ̀, ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn, ó sì kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà!" Ó wá yíjú sí Bísọ́dún láìtilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Dírẹ́bà, wà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ làwọn dírẹ́bà ń wà."

"Èmi ni, Bísọ́dún."

"Mo ti gbọ́. Ibẹ̀ náà ni Bísọ́dún á lọ."

Ó sì lọ síbẹ̀, torí ọkọ̀ méjì ti ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ẹni tó ń fi ìjókòó han èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì mú Motúnráyọ̀ lọ sí ìlà kejì, ó sì ṣàlàyé fún Bísọ́dún pẹ̀lú ìfẹ́ Kristi pé àwọn tó gbé ọ̀gá wọn wá máa ń gbádùn atẹ́gùn níta. Níwájú báńkì kan, obìnrin kan tó bá Motúnráyọ̀ sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀ na owó sí Bísọ́dún kó fi jẹun. Ó gbà á. Ebi ń pa á.

"Rọra, kòtò wà níwájú," ni Motúnráyọ̀ máa ń wí láti ẹ̀yìn.

"Ṣé èmi ni dírẹ́bà rẹ ni?"

"N ò wí bẹ́ẹ̀ o. Ibi tí mo jókòó sí ló ń wí."

Ká sòótọ́, obìnrin náà gbádùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí. Bísọ́dún náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kò bá ṣe pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń súnmọ́lé, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ò lè dé Oǹdó láìsí Motúnráyọ̀, Motúnráyọ̀ ò sì dé Oǹdó mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bísọ́dún mú un lọ han ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé àga oparun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àga Bàbá Katikísì, pé láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, adìyẹ pàápàá ò gbọdọ̀ fò lé e. Ọmọ Oǹdó ì bá ti mọ̀ tó bá rí bí wọ́n ṣe tẹ́ aṣọ funfun lé e; ọmọ Àkúrẹ́ rò pé àlejò ni wọ́n tẹ́ aṣọ náà fún. Àga náà gbà á fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ọ̀nà mẹ́rin lọ.

Màmá ò pariwo. Ó ṣa oparun rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Obìnrin yìí ò ní jókòó nínú ilé mi mọ́ títí tí n ó fi kú." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Motúnráyọ̀ tún lọ kí i lẹ́yìn ìgbéyàwó, òòró ló dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà kejì náà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Kò lọ mọ́. Màmá ò pè é ní ìyàwó ọmọ òun rí. "Ará Àkúrẹ́ yẹn" ló ń pè é, bíi pé òun nìkan ló ń gbé gbogbo ìlú náà.

Nígbà tó ku ọ̀la, Bísọ́dún dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá.

"Dìde," Motúnráyọ̀ wí. "O ń nu ilẹ̀ ni." Ó fà á lápá dìde. "Ó ń dùn mí, Bísọ́dún. Má rò pé torí mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ru oyún ọmọ rẹ, mo dúró lóòró bí ọ̀pó. Àmọ́ ojú ìyá rẹ ò gbọdọ̀ fọ́ nítorí àga. N ó bá ọ lọ. N ò ní wọ ulé wọn. Inú ọkọ̀ ni n ó wà. Wọn ò wí pé n ò gbọdọ̀ jókòó nínú ọkọ̀."

Wọ́n gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ka eré, Bísọ́dún ò sì tíì fi iyè sí i. Ó rí ọgọ́ta, ó rò pé òun ń fẹsẹ̀ rìn ni, ó sì ń ṣe kàyéfì bí òun ṣe ń kọjá gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ níwájú. Ìlárá-Mọ̀kín ré kọjá. Nígbà tí Motúnráyọ̀ fi máa parí Sáàmù tó ń kà, Ìpogun ti lọ. "Ṣé ò ń fò ni?" ó bi í. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wọ́n ti wà níwájú ilé ní Oǹdó.

Ẹgbẹ́ Ìyá ti pé síbẹ̀, ènìyàn mọ́kànlá, pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Màmá jáde nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi oúnjẹ Olúwa, ó fi ọwọ́ tá ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó ń ra màlúù, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ojú ọ̀tún rẹ̀ rí òjìji ńlá kan níbẹ̀.

"Ta ló wà níhìn-ín?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Motúnráyọ̀ ni."

Ètè Màmá ò gbọ̀n mọ́. "Sọ̀ kalẹ̀," ó wí.

Motúnráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì lọ dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Màmá wọlé, ó tún ìró rẹ̀ tò, ó gbé ọwọ́ sókè bí ọba. Ẹgbẹ́ Ìyá bẹ̀rẹ̀ orin ìdágbére. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní, ọkọ̀ ò lọ. Wọ́n kọ ẹsẹ kejì àti ẹ̀kẹta. Orin ìdágbére náà tán, Màmá ṣì wà lójú kan, ó ń juwọ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, obìnrin yẹn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ.

"Ta lobìnrin tó ń sọ̀rọ̀?" Màmá bèèrè.

"Ọkọ̀ ni, Màmá. Ó ní kí ẹ so bẹ́líìtì."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ghá, Bísọ́dún, ghá síhìn-ín. Kí ló dé tí a ò lọ?"

Bísọ́dún sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí wáyà dé orí sìmẹ́ǹtì. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. "Ṣé pé ọkọ̀ tí o rà fún mi ló ń sọ pé n ò tó èèyàn?" ó wí.

Bísọ́dún bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Motúnráyọ̀ jókòó síbẹ̀, kí Màmá fúnra rẹ̀ sún sápá òsì. Màmá ní rárá. Kí Ẹgbẹ́ Ìyá máa juwọ́ sí obìnrin mìíràn ní ìjókòó ọlọ́kọ̀, kí òun wá dà bí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ wọ ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kí ojú fọ́.

Ni gbogbo àdúgbò bá bọ́ sí i. Ẹgbẹ́ Ìyá fi orin sílẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wò bóyá ẹnì kan á lè gbé Màmá lé ẹsẹ̀. Ọ̀wọ́n oúnjẹ ọdún yìí ò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wúwo tó, ẹni tó sì wúwo díẹ̀ nínú wọn, Ìyá Wúràọlá, orúnkún rẹ̀ ò lè gbé Màmá. Wọ́n gbé àpò gàrí wá, wọ́n gbé Màmá lé e lórí, gèlè rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀. Ọkọ̀ dún! Wọ́n kígbe. Ó rìn dé ojú gọ́tà, gàrí fẹ̀gbẹ́, Màmá bá gàrí fẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ kú, wọ́n sì tì í padà. Akínsànyà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, wá jáde láti ilé kejì.

"Ẹ fi mí síbẹ̀," ó wí. "Kí Màmá jókòó lé mi nítan. Èmi náà fẹ́ dé Àkúrẹ́."

Ẹgbẹ́ Ìyá figbe ta bí ẹni tí ejò bọ́ sáàárín wọn.

"Akínsànyà," Màmá wí láti orí gàrí, "opó katikísì ni mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi wà láìjókòó lé ọkùnrin nítan. Ṣé lórí itan tìrẹ ni n ó wá ti ba ìyẹn jẹ́?"

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Bísọ́dún wo aago, ó yíjú sẹ́yìn. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ojú òsì tó ti funfun bí ẹyin, ọ̀tún tó ń tẹ̀ lé e lọ. Ó mọ̀ pé bí àwọn bá pàdánù òní, ìyá rẹ̀ ò ní rí òun mọ́ láyé. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ìyá rẹ̀ yóò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí kò rí i rí kó gba ọ̀rọ̀ padà.

"Màmá," Motúnráyọ̀ wí láti inú oòrùn, "ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gàrí yẹn kúrò. Ẹ wá jókòó lé mi."

Ẹgbẹ́ Ìyá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá yí ojú ọ̀tún rẹ̀ sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì wò ó títí. Bóyá ó rí i, bóyá kò rí i.

"Ẹsẹ̀ ò ro ọ́ níbi tí o dúró sí yẹn?"

"Ó ti mọ́ ọn lára, mà."

Màmá tún gèlè rẹ̀ tò. Ó na ọwọ́ kan jáde látinú ọkọ̀ kí wọ́n lè ran òun lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé gàrí jáde. Motúnráyọ̀ wọlé, ó jókòó, ó sì na apá méjèèjì. Ẹgbẹ́ Ìyá gbé Màmá fún un bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀. Bẹ́líìtì ẹyọ kan ni wọ́n fi so àwọn méjèèjì. Bísọ́dún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bú sẹ́kún bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ẹgbẹ́ Ìyá ò ní orin kankan mọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Títí wọ́n fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, Màmá nà gbọnrangandan bíi pákó, ó di ìjókòó iwájú mú, kò jẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan ẹnikẹ́ni. "Kòtò, mà," Motúnráyọ̀ á wí, á fi apá kan yí i nínú, á fi ìdí tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì gba inú kòtò kọjá láìkú. "Itan rẹ rọ̀ jù," Màmá wí lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ má bínú, mà," Motúnráyọ̀ wí.

Ní Ọ̀wẹ̀nà, ọlọ́pàá kan dá wọn dúró. Ó tẹ̀ ba, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tún wò ó.

"Ta ni ọlọ́kọ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ó bèèrè.

Bísọ́dún la ẹnu, ṣùgbọ́n Motúnráyọ̀ ti dáhùn. "Màmá ni ọlọ́kọ̀. Èmi, ìjókòó wọn ni mí."

Ọlọ́pàá náà ronú sí i, kò rí òfin tó lòdì sí i, ó sì kí Màmá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́kọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bísọ́dún wo dígí òkè orí rẹ̀. Màmá ti fi ìjókòó iwájú sílẹ̀. Ní bíi máìlì kan sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ kan àyà Motúnráyọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìpogun, orí Màmá ti wà ní èjìká obìnrin náà, ojú Màmá méjèèjì sì ti padé.

Aago mọ́kànlá àti ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Bísọ́dún sáré lọ kọ orúkọ, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, ó sáré padà wá. Wọn ò tíì bọ́ sílẹ̀. Òógùn bo ojú Motúnráyọ̀, ó sì hàn gbangba pé kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà níbẹ̀.

"Jí wọn," Bísọ́dún sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Motúnráyọ̀ mi orí. Ó fi ẹnu tọ́ka sí ìsàlẹ̀, Bísọ́dún sì wò ó. Ọwọ́ Màmá wà lórí itan Motúnráyọ̀. Ìka méjì di etí ìró Motúnráyọ̀ mú, wọ́n ń yí i po díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tú u. Ẹni tó sùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá," Motúnráyọ̀ wí, "a ti dé, mà."

Màmá ò lajú. "Mo mọ̀," ó wí. "Sọ fún ọkọ rẹ kó wà wá yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan."

Bísọ́dún wo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kẹtàlélógún ni wọ́n. Ẹnì kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè. Ó wọlé, ó sì rọra yí kọ́kọ́rọ́.